Kí A Tó Pe Ọmọ Ní Àbíkú, Ẹ Jẹ́ Kí A Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Wò

Ọ̀rọ̀ owó oṣù, ọ̀rọ̀ àjẹmọ́nú àti ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì ni a sábà máa ń sọ ní ojú ewé yìí, a kò sì ní jáwọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tòní kan ohun tí ẹgbẹ́ wa ń ná owó lé lórí láìbéèrè ìdí rẹ̀. Bí ọmọ jòjòló bá kú mọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan lọ́wọ́, a ó dá owó ìbánikẹ́dùn, a ó yan ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n lọ kí i nílé, wọn ó sì sọ fún un pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kì í báni kẹ́dùn kì í ṣe ẹgbẹ́. Àmọ́ bí a bá tún padà lọ sí ilé kan náà lẹ́yìn ọdún méjì, tí ọmọkùnrin mìíràn tún kú níbẹ̀ kí ó tó pé ọdún kan, ó yẹ kí ẹnì kan nínú wa béèrè pé: kí ni orúkọ àrùn tó ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyí?

Ìdáhùn tí àwọn baba wa ní sí ìbéèrè yẹn ni àbíkú. Wọn a sọ ọmọ ní Málọmọ́, wọn a sọ ọ́ ní Kòkúmọ́ tàbí Dúrójayé. Wọn a so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọn a sì ná gbogbo ohun tí wọ́n ní lé e lórí. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá wá bọ́ sí i, wọn a ní àbíkú sọ olóògùn dèké. A kò bú àwọn baba wa. Ohun tí wọ́n rí, òtítọ́ ni: pé ikú ọmọ a máa tẹ̀lé ìdílé kan ju òmíràn lọ, pé ó ń wá léraléra, pé ó sì ní ìgbà tí ó máa ń dé. Ohun tí wọn kò ní ni ẹ̀rọ tí a fi ń wo inú ẹ̀jẹ̀. Lónìí, àwa ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ SS wà lára ohun tí à ń pè ní àbíkú. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń bi ara wọn pé ṣé AA ni ọ́ tàbí AS kí wọ́n tó lọ mọ àna. Èrò wa lónìí ni pé a kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Àrùn àjogúnbá mìíràn wà tí kò wọ́pọ̀ tó SS rárá, ṣùgbọ́n tí ó ń yára pa ọmọ jù ú lọ. Òun ni kí a bí ọmọ sáyé láìní sójà ara.

SÓJÀ TÍ KÒ SÍ NÍ BÁRÉKÈ

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ nípa HIV, kòkòrò apa sójà ara. Kòkòrò yẹn a máa wọ ara ẹni tí ó ní sójà, a sì máa pa àwọn sójà náà díẹ̀díẹ̀. Èyí tí à ń sọ yìí yàtọ̀. Kì í ṣe kòkòrò, kò sì sí ẹni tó lè kó o ran ẹlòmíràn. Láti inú oyún ni ara ọmọ náà kò ti rí sójà kó jọ. Oríṣi àrùn àjogúnbá tí ń ba sójà ara jẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti mọ̀ lé ní 450. Àwọn kan kì í le púpọ̀, ẹlòmíràn a sì bá a dàgbà. Èyí tó burú jù nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní SCID.

Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, sójà kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní sójà T. Òun ni ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún àwọn yòókù. Inú thymus, ẹran kékeré kan tó wà lẹ́yìn egungun àyà, ni wọ́n ti ń kọ́ ọ níṣẹ́. Nínú ọmọ tó ní SCID, sójà T kò sí, tàbí kí wọ́n kéré débi pé wọn kò lè jà.

Ohun tó ń tan òbí jẹ ni pé ọmọ náà a máa dára lójú nígbà tí wọ́n bá bí i. Ó sanra, ó ń mu ọyàn, wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ. Ìdí ni pé ìyá rẹ̀ ti di ohun ìjà fún un láti inú oyún. Ohun ìjà yẹn kì í sì í pẹ́ títí, a máa tán díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Ìgbà náà ni ohun gbogbo yóò yí padà. Ohun funfun kan á bo ahọ́n àti inú ẹnu rẹ̀, kò ní ṣeé nù kúrò. Ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, kò ní dá. Òtútù àyà á mú un, wọn á tọ́jú rẹ̀, á fúyẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, á tún padà. Ọmọ tó ti ń sanra á bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Bí kò bá sí ìtọ́jú tó yẹ, ọmọ tó ní SCID kì í sábà pé ọdún kan tàbí méjì láyé.

ẸJỌ́ ÌYÀWÓ KỌ́

Ọ̀kan nínú oríṣi SCID tó wọ́pọ̀ jù, ọmọkùnrin ló ń mú. Ẹ̀yin awakọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí yóò kọ́kọ́ yé. Ìlànà tí ara fi ń ṣe sójà yìí wà lórí ohun kan tí wọ́n ń pè ní X. Obìnrin ní X méjì, ọkùnrin ní ẹyọ kan. Obìnrin dà bí mọ́tò tó gbé sípíà sẹ́yìn: bí táyà kan bá bẹ́, ó ní òmíràn tí yóò fi rìn dé ilé. Ọkùnrin kò ní sípíà. Bí ẹyọ kan tó ní bá ní àléébù, ojú ọ̀nà ló máa dúró sí.

Nítorí náà, ìyá lè gbé àléébù náà kiri títí tí yóò fi darúgbó, kí ara rẹ̀ sì le koko. Bí ó bá lóyún ọmọkùnrin, ìdajì-ìdajì ni: ó lè fún un ní X tó dára, ó sì lè fún un ní èyí tó ní àléébù. Bí ó bá bí obìnrin, ọmọ náà kò ní ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ó lè gbé e lọ sí ilé ọkọ tirẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi lè rí ilé tí àwọn ọmọbìnrin ti ń yè, tí ọmọkùnrin ń kú, tí irú rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn arákùnrin ìyá tàbí sí ọmọ àwọn arábìnrin ìyá.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ń dá sílẹ̀ láàárín ẹbí. Ọkọ á fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ìyẹn á bí ọmọkùnrin, ọmọ náà á yè. Àwọn ará ilé á pàtẹ́wọ́, wọn á ní, ṣé ẹ ti rí i báyìí, ìyálé ló ń jẹ àwọn ọmọ náà! Bẹ́ẹ̀ ni ìyálé kò jẹ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí kò mọ̀ pé òun gbé, tí kò sì fi owó rà, ni wọ́n fi ń dá a lẹ́jọ́. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ obìnrin nílẹ̀ wa ti jìyà irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn sì ti fi ilé ọkọ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń sọ pé òun kórìíra ìrẹ́jẹ ní ibi iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fojú fo irú ìrẹ́jẹ yìí ní ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Oríṣi mìíràn wà tó dà bí ẹ̀jẹ̀ SS: baba gbé díẹ̀, ìyá gbé díẹ̀, ọmọ tó bá gba méjèèjì ni yóò ṣàìsàn, ì báà ṣe ọkùnrin ì báà ṣe obìnrin. Láàárín àwọn Navajo, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, irú rẹ̀ kan ń mú bí ọmọ 1 nínú 2,000. Èyí kọ́ wa pé ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀wọ́n ní ibì kan lè má ṣe ọ̀wọ́n ní ibòmíràn, àti pé ibi tí a kò bá ti ka nǹkan, a kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí níbẹ̀.

ỌMỌ ÀKỌ́KỌ́ LÓ Ń SAN OWÓ ÀYẸ̀WÒ

Ìdílé kan wà ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé mọ ìtàn wọn. Vetter ni orúkọ wọn. Ọmọkùnrin tí wọ́n bí kú ní ọmọ oṣù méje ní 1970. Àwọn dókítà rí i pé SCID ni, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn òbí pé bí wọ́n bá tún bí ọkùnrin, ìdajì-ìdajì ni. Ní oṣù kẹsàn-án 1971, wọ́n bí David Vetter ní Houston. Nítorí pé wọ́n ti mọ̀ ṣáájú, kò pé ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi gbé e sínú ilé ọ̀rá kan tí kòkòrò kankan kò lè wọ̀. Inú irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ló gbé fún ọdún 12. Oúnjẹ rẹ̀, omi rẹ̀, aṣọ rẹ̀, ìwé rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń sọ di mímọ́ kúrò lọ́wọ́ kòkòrò kí wọ́n tó tì í wọlé bá a. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni ìyá rẹ̀ fi ń gbá a mọ́ra. Ní 1983, wọ́n gba mùdùnmúdùn eegun lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fún un, kí ó lè ní sójà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò kan tó fara pamọ́ sínú mùdùnmúdùn náà, Epstein-Barr, ló pa á ní oṣù kejì 1984. Ìgbà tí àìsàn náà le dójú ikú tí wọ́n gbé e jáde ni ìyá rẹ̀ tó fi ọwọ́ kan ara rẹ̀ láìsí rọ́bà.

Ẹ gbọ́ ohun tí a fẹ́ fà yọ. Kí ló jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó ń ṣe David kí ó tó ṣàìsàn rárá? Ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni. Ọmọ àkọ́kọ́ ló fi ẹ̀mí san owó àyẹ̀wò ọmọ kejì. Bí ó ti máa ń rí nìyẹn ní ibi gbogbo tí wọn kò bá ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ó tún burú jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọmọ àkọ́kọ́ á san owó náà tán, kò sì ní sí ẹni tó máa gba rìsíìtì. Wọn á sin ín, wọn á ní kí a má sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ọmọ kejì bá dé, á tún san án.

ẸKÁN Ẹ̀JẸ̀ LÓRÍ BÉBÀ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Robert Guthrie, ní ìlú Buffalo ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí a gún ní gìgísẹ̀ ọmọ tuntun, tí a kán sórí bébà tí a sì jẹ́ kí ó gbẹ, tó láti fi mọ PKU, àrùn àjogúnbá kan tí ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Irú bébà bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ wàhálà. A lè fi í ránṣẹ́ bíi lẹ́tà. Ní 2005, Kee Chan àti Jennifer Puck fi hàn pé bébà kan náà lè sọ fún wa bóyá ọmọ ní sójà T.

Báwo ni bébà ṣe lè mọ̀? Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, àgékù aṣọ tó wà nílẹ̀ ni ẹ ó fi mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tónítóní, tí kò sí àgékù kankan, ẹ ó mọ̀ pé wọn kò rán nǹkan kan. Bí thymus ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ó bá ń ṣe sójà T, a máa gé ìwọ̀nba díẹ̀ kúrò lára DNA, ìwé ìlànà tí a jogún, tó wà nínú sójà náà. Àgékù yẹn á ká róbótó, á sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ. TREC ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ ló ń ka TREC inú ẹ̀jẹ̀ orí bébà. Bí kò bá sí àgékù, tàbí tí ó kéré jù, wọn á yára ránṣẹ́ pe àwọn òbí kí wọ́n gbé ọmọ wá fún àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ sí i.

Ìpínlẹ̀ Wisconsin ló kọ́kọ́ ń ṣe é fún gbogbo ọmọ tuntun, ní 2008. Nígbà tí 2018 fi máa parí, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tó wà ní Amẹ́ríkà ló ti ń ṣe é. Ìròyìn kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 sọ pé nínú ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù 3 tí wọ́n yẹ̀ wò, 52 ló ní SCID, ìyẹn bí 1 nínú 58,000. Nínú 52 yẹn, 45 ló yè. Ìròyìn mìíràn ní ọdún yẹn kan náà wo ọmọ 240 tí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun fún láàárín 2000 sí 2009. Àwọn tí wọ́n ṣe é fún kí wọ́n tó kọjá oṣù mẹ́ta àbọ̀, 94 nínú 100 ló yè. Àwọn tí àrùn ti wọ̀ lára kí wọ́n tó rí ìtọ́jú, iye àwọn tó yè nínú wọn kéré sí èyí gan-an. Ohun kan náà ni ìròyìn méjèèjì ń sọ: àkókò ni oògùn. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍLÉ BÁYÌÍ

Ní Nàìjíríà, kò tíì sí ètò ìjọba àpapọ̀ tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ tuntun wò fún SCID. Ṣùgbọ́n èyí kò ní kí a káwọ́ lérí. Irinṣẹ́ tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò yìí wà lọ́wọ́ wa.

Èkíní ni ìbéèrè. Ṣé ọmọ kan ti kú rí nínú ilé yìí kí ó tó pé ọdún kan? Ṣé ọkùnrin ni? Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ìdílé ìyá? Ẹ má fi ìtìjú pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ níwájú dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ọmọ tí a ti sin lè gba àbúrò rẹ̀ là bí a bá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta.

Èkejì ni kíka ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní full blood count. Ó wà ní ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò. Nínú èsì rẹ̀, wọ́n a máa kọ iye sójà kan tó ń jẹ́ lymphocyte. Ibẹ̀ ni kí a là wá ojú wa. Lymphocyte ọmọ jòjòló máa ń pọ̀ ju ti àgbàlagbà lọ fíìfíì. Bí ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan bá wà nísàlẹ̀ 3,000 nínú microlitre kan, ó yẹ kí a tún un kà kí a sì wá ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé àyẹ̀wò bá lo òṣùwọ̀n àgbàlagbà fún ọmọ ọwọ́, wọ́n lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ewu, nígbà tí ewu wà. Ẹ béèrè pé òṣùwọ̀n ta ni ẹ lò? Kí a sì tún mọ̀ pé bí iye náà bá tó, kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bí àrùn kò bá dẹ̀yìn lẹ́yìn ọmọ, kí dókítà àwọn ọmọdé wò ó síwájú sí i. Fọ́tò àyà náà a máa ṣèrànwọ́, torí pé nínú ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní SCID, òjìji thymus kì í hàn níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá yẹ ọmọ wò fún HIV tí wọ́n ní kò ní in, kí a dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí a má di ẹrù wa kúrò ní ọsibítù. Bí sójà ara kò bá kú, ó lè jẹ́ pé a kò bí i rárá. Ìbéèrè kejì yẹn ni kí a bi dókítà.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ BCG, tí wọ́n ń gún ọmọ ní apá nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i láti dènà ikọ́ ife. Kòkòrò alààyè tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Fún ọmọ tó ní sójà, ó dà bí ìdánrawò ogun. Fún ọmọ tí kò ní sójà T, ó lè di ogun gan-an, kí ó sì tàn ká gbogbo ara. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán àyẹ̀wò SCID wò ní oṣù kẹsàn-án 2021, wọ́n sún BCG kúrò ní ọjọ́ ìbí sí ọjọ́ 28, kí èsì ẹ̀jẹ̀ lè kọ́kọ́ dé. Ẹ má gbọ́ wa sódì o! A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ikọ́ ife ń pa ọmọ ní ilẹ̀ wa, BCG sì ń gba ọmọ là. Kódà, ọmọ tí kò ní sójà ló ń jàǹfààní jù bí àwọn ọmọ àdúgbò yòókù bá gba àjẹsára, torí pé àrùn kò ní rí ibi gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé, bí ọmọ ọwọ́ bá ti kú léraléra nínú ilé yín tàbí ní ìdílé ìyá, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó tó gún BCG, kí dókítà lè kọ́kọ́ ka ẹ̀jẹ̀ ọmọ.

ÀWỌN TÍ WỌ́N Ń BÉÈRÈ PÉ KÍ LÓ KAN ẸGBẸ́

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní, ibà wà níbẹ̀ tí ń pa ọmọ, omi wa kò mọ́, ẹ̀yin wá ń sọ̀rọ̀ àrùn tí ń mú ọmọ 1 nínú 58,000. Ọ̀rọ̀ yín kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò. Àwọn ọmọ tí à ń bí ní Nàìjíríà lọ́dún kan lé ní mílíọ̀nù 7. Bí ó bá jẹ́ pé òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà yẹn nìkan ni tiwa, ọmọ bí 120 ni lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Dáńfó tó ń gbé èrò 14, ó ju mẹ́jọ lọ tí yóò kún fọ́fọ́. Bí dáńfó mẹ́jọ tó kún fún ọmọ bá ń já sódò lọ́dọọdún ní orí afárá kan náà, ṣé ẹgbẹ́ awakọ̀ á ní kò kan òun? Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń jáde ní gárééjì láàárọ̀, bóyá ẹyọ kan ni bíréèkì rẹ̀ kò mú. Síbẹ̀ gbogbo wọn ni à ń yẹ bíréèkì wọn wò.

Lẹ́yìn èyí, bébà yẹn kì í ṣe ti SCID nìkan. Ẹ̀jẹ̀ orí bébà kan náà lè sọ bóyá ọmọ jẹ́ SS. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2006 pé bí ọmọ 150,000 ni a ń bí pẹ̀lú àrùn SS, fòníkú-fọ̀ladìde, ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Bí a bá jà fún bébà nítorí àwọn tó pọ̀, àwọn tó kéré á bá wọn wọlé. Bí yúníọ̀nù ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wà.

Àwọn mìíràn á ní, bí a bá mọ orúkọ àrùn, owó ìtọ́jú ńkọ́? Lóòótọ́, owó rẹ̀ pọ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin 2024 kọ sílẹ̀, náírà 70,000, kò lè gbọ́ irú bùkátà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a kò rí rí ní ilẹ̀ yìí: ní 2011, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Benin pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun fún ọmọ kan tó ní ẹ̀jẹ̀ SS. Kí ó tó sì dé ibẹ̀, orúkọ nìkan ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Dókítà tó bá mọ ohun tó ń bá jà lè fi oògùn tí kò wọ́n, bíi Septrin, dènà òtútù àyà kan tó ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyí. Á dá BCG dúró. Á sọ fún òbí kí wọ́n má jẹ́ kí oníkọ́ gbé ọmọ. Á sì kìlọ̀ fún wọn nípa oyún tó ń bọ̀. Ní 1952, Ogden Bruton, dókítà ológun ní ilé ìwòsàn Walter Reed ní Washington, yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin ọdún 8 kan tí àrùn kò fi lọ́rùn sílẹ̀ wò. Ó rí i pé èròjà kan tó ń jẹ́ gammaglobulin kò sí níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún èròjà náà fún un, ara ọmọ náà sì balẹ̀. Ohun tó sọnù ni ó kọ́ mọ̀, kí ó tó mọ ohun tí yóò fi dí i.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ Ẹ̀KA WA BÉÈRÈ

Nítorí náà, a ń fi nǹkan mẹ́rin síwájú ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹ̀ka àti ìpàdé gbogbogbòò.

1. Kí a kọ ìbéèrè mẹ́ta tí a sọ lókè yìí sínú káàdì, kí a fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí aya rẹ̀ lóyún, àti àwọn obìnrin wa tó lóyún, kí wọ́n mú un dé ilé ìgbẹ̀bí.

2. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sọ pé dandan ni adójútòfò fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́ lórí àdéhùn, kí a béèrè pé kí ó kan àwọn ọmọ wa, kí kíka ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ àti ìwé ìdarí lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé sì wà nínú rẹ̀.

3. Kí òbí tó gbé ọmọ aláìsàn lọ sí ọsibítù má pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ náà, ì báà ṣe ìyá ì báà ṣe baba. Ẹ̀yin ti gárééjì, ẹ bá àwọn ọlọ́kọ̀ sọ ọ́, kí wọ́n má gba owó ọjọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

4. Kí a bá àwọn ẹ̀ka yòókù pawọ́ pọ̀, kí a kọ ìwé sí ìjọba ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ orí bébà fún gbogbo ọmọ tuntun, kí wọ́n fi SS bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fi SCID kún un.

Ẹ̀yin ará, àwọn àgbà ní àrùn ni à ń wò, a kì í wo ikú. A kò lè wo àrùn tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. A ó máa dá owó ìbánikẹ́dùn lọ, a kò ní dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n owó tí a bá fi ka ẹ̀jẹ̀ ọmọ nígbà tó wà láàyè sàn ju èyí tí a fi ra aṣọ ìsìnkú lọ. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ìyàwó àti àwọn ọkọ yín, kí ẹ sì wá sí ìpàdé kí a lè jọ dìbò lórí nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.